Tí Ìjọba Bá Ní "Àṣìṣe Ni": Bí Ìbọn Agbófinró Ṣe Ń Ba Aláìṣẹ̀

Mo ní télọ̀ kan ní Sábo níbí ní Ìbàdàn, ọmọ Igabi ní ìpínlẹ̀ Kaduna, tó ti ń rán aṣọ fún mi láti bí ọdún mọ́kànlá. Yorùbá ẹnu rẹ̀ já gaara. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá ọdún 2023, mo lọ gba bùbá kan lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì rán an. Ó jókòó sídìí maṣíìnì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan pẹ́dàlì, rédíò kékeré orí tábìlì ń sọ Haúsá lọ ní tirẹ̀. Mo ní, "Málàmù, ẹ kú iṣẹ́." Ó dáhùn, ó wá bi mí pé, "Bàbá, kí ni Yorùbá ń pe kuskure?" Mo ní àṣìṣe ni. Ó mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sára aṣọ, ó fa ìlà kan sórí ègé aṣọ tó wà níwájú rẹ̀.

"Bí mo bá gé aṣọ yín kúrú níbí, kuskure nìyẹn. Màá ra òmíràn fún yín. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n ju bọ́ǹbù lù ní Tudun Biri, abúlé kan ní Igabi wa, ìjọba ní kuskure náà ni. Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni, Bàbá?"

Lọ́jọ́ náà, n kò mọ èsì tí mo lè fọ̀ ju pé kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ wọn lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí mo ń bi àwọn lọ́yà àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun léèrè. Ohun tí mo rí kó jọ ni mo fẹ́ là kalẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe lọ́yà, tí kì í ṣe sójà, tó kàn ń gbọ́ nínú ìròyìn pé "wọ́n ṣèèṣì pa" àwọn kan, tí kò sì yé e bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ má sì pè é ní ọ̀rọ̀ ará Òkè-Ọya nìkan. Láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022 tí àwọn agbésùnmọ̀mí ti ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ní Ọ̀wọ̀, tí èèyàn tí kò dín ní 40 sì bá a lọ, ọkàn wa náà kò balẹ̀ mọ́. Níbi tí ọkàn kò bá ti balẹ̀, ọwọ́ máa ń yá sí ìbọn.

Àṣìṣe kì í ṣe oríṣi kan

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú jù ni pé orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe nǹkan mẹ́rin tí kò jọra. Ọ̀kan ni kí wọ́n fi ẹnì kan pe ẹlòmíràn: Lágbájá ni wọ́n ń wá, Tàmẹ̀dù ni wọ́n yìnbọn fún. Ìkejì ni kí wọ́n wo àwùjọ èèyàn láti òkèèrè, kí wọ́n pe ohun tí wọ́n ń ṣe ní ohun tí wọn kò ṣe. Ìkẹta yàtọ̀ gan-an: wọ́n mọ̀ pé ọ̀tá wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n tún mọ̀ pé aláìṣẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì yìn ín bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kúrò ní àṣìṣe, ìpinnu ni, òfin sì ní bí ó ṣe ń wọn irú ìpinnu bẹ́ẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn ni kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa èèyàn tán, kí wọ́n wá fi "àṣìṣe" bo òkú rẹ̀. Apààyàn lẹni tó bá ṣe ìyẹn, aṣọ ìjọba tó wà lọ́rùn rẹ̀ kò yí i padà.

Mo mọ irú àkọ́kọ́ dáadáa. Nígbà tí mo jẹ́ àpọ́n, ilé oníyàrá méjìlá ni mo ń gbé ní Òkè-Àdó, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ẹnu ọ̀nà kan, ilé ìwẹ̀ méjì lẹ́yìn. Sódíìkì méjì ló wà nínú ilé náà. Ọ̀kan ń ta fóònù, kì í fi bẹ́ẹ̀ sùn sílé. Ìkejì ń kọ́ iṣẹ́ fọkanáísà. Ní ìdájí ọjọ́ kan, àwọn agbófinró kan dé, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ta ni Sódíìkì?" Ọmọ fọkanáísà ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọ̀tún, kànrìnkàn lọ́wọ́ òsì, tówẹ́ẹ̀lì lọ́rùn. Ó ní, "Èmi ni, sà." Wọ́n gbé e lọ tòun ti tówẹ́ẹ̀lì yẹn. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò lọ́dọ̀ wọn kí wọ́n tó mọ̀ pé òun kọ́. Nígbà tó padà wálé, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wú, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un pé pẹ̀lẹ́. Kò sí ẹni tó yìnbọn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà: bí ọmọ yẹn bá sáré ńkọ́?

Ilé kan, ẹnu ọ̀nà kan, ní Lọ́ńdọ̀nù

Ọ̀ràn tó jọ ti Sódíìkì ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2005. Wọ́n wádìí rẹ̀ fínnífínní débi pé a lè tẹ̀ lé e láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Ní ọjọ́ 7 oṣù náà, bọ́ǹbù pa èèyàn 52 nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ àti nínú bọ́ọ̀sì. Ní ọjọ́ 21, àwọn mìíràn tún gbé bọ́ǹbù wá. Ti wọn kò bú dáadáa, wọ́n sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nínú báàgì kan tí wọ́n fi sílẹ̀ ni ọlọ́pàá ti rí ohun tó júwe ilé kan ní Scotia Road fún wọn. Ilé onífúláàtì ni, ẹnu ọ̀nà kan náà sì ni àwọn ará ilé ń gbà jáde. Jean Charles de Menezes, ọmọ ilẹ̀ Brazil, ẹni ọdún 27 tó ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná, wà lára àwọn tó ń gbé ibẹ̀.

Ó jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń lọ síbi iṣẹ́. Sójà tí wọ́n fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tó yẹ kó ya fídíò ẹnikẹ́ni tó bá jáde, ń tọ̀ lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, kò lè gbé kámẹ́rà. Ó kàn sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ó dáa kí ẹlòmíràn wo ọkùnrin náà dáadáa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Ó wọ bọ́ọ̀sì. Ó sọ̀ ní Brixton, ó rí i pé wọ́n ti ti ibùdókọ̀ ojú irin ibẹ̀ pa, ó sì padà sínú bọ́ọ̀sì. Ohun tí èmi náà máa ṣe nìyẹn bí mo bá dé Ìwó Róòdù tí mo bá a pé wọ́n dí ọ̀nà. Lójú àwọn tó ń tẹ̀ lé e, ẹni tó ń wá bí yóò ṣe já wọn sílẹ̀ ni. Ní Stockwell, ó mú ìwé ìròyìn ọ̀fẹ́ kan, ó fi káàdì rẹ̀ wọlé bí gbogbo èèyàn ṣe ń wọlé, ó sáré díẹ̀ kí ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ má baà lọ. Àwọn ọlọ́pàá tó gbé ìbọn ti pẹ́ kí wọ́n tó dé, wọn kò lè dá a dúró lójú títì mọ́. Inú ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ti ká a mọ́, wọ́n yin ìbọn sí i lórí lẹ́ẹ̀méje.

Ẹ tún nǹkan wọ̀nyẹn kà, ẹ ó rí i pé kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó tó pa èèyàn. Ẹnì kan tọ̀. Bọ́ọ̀sì kan dúró. Àwọn kan pẹ́ lọ́nà. Ohun tó pa ọkùnrin yẹn ni pé ọ̀rọ̀ kan jábọ́ lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà ni "bóyá." Lẹ́nu ẹni àkọ́kọ́, "bóyá òun ni, ẹ wò ó dáadáa" ni. Nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó di ìbọn mú, "òun ni" ló kù. Gbogbo ọ̀ràn irú èyí tí mo ti kà, nílé àti lókè òkun, bí mo bá ti rí ibi tí "bóyá" ti sọnù, mo ti rí ibi tí àṣìṣe náà wà.

Ní ọdún 2007, ilé ẹjọ́ dá iléeṣẹ́ ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù lẹ́bi lábẹ́ òfin tó ń dáàbò bo èèyàn lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní kó san £175,000 owó ìtanràn àti £385,000 owó ẹjọ́. Kò sí ọlọ́pàá kan ṣoṣo tó fojú ba ilé ẹjọ́ fún ikú yẹn. Àwọn ọlọ́pàá tó yìnbọn sọ pé àwọn kígbe kìlọ̀ kí àwọn tó yìn ín. Ní ọdún 2008, àwọn ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹ̀rí lórí bí ó ṣe kú sọ pé àwọn kò gbà pé ìkìlọ̀ kankan wáyé.

Ojú tó ń wo ni láti òkè

Ti Tudun Biri jẹ́ irú kejì. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2023, àwọn ará abúlé náà kó jọ láti ṣe Máólúdì, ìrántí ọjọ́ ìbí Ànábì. Drọ́ọ̀nù àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ wà lókè wọn. Drọ́ọ̀nù ni ọkọ̀ òfurufú tí kò ní awakọ̀ nínú. Ẹni tó ń darí rẹ̀ jókòó síbi tó jìnnà, ojú kámẹ́rà ló fi ń wo ilẹ̀, òun náà ló sì ń ti ibẹ̀ ju bọ́ǹbù. Àlàyé tí àwọn ológun ṣe lẹ́yìn náà ni pé bí àwọn èèyàn náà ṣe kó jọ, tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, jọ ìṣe àwọn agbébọn. Bọ́ǹbù bọ́. Àwọn tó yè é sọ pé ìgbà tí àwọn mìíràn sáré wá gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni òmíràn tún bọ́. Àjọ tó ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì, NEMA, ka òkú 85. Amnesty International ní wọ́n lé ní 120.

Báwo ni ojú ṣe lè tan ni tó bẹ́ẹ̀? Kámẹ́rà tí wọ́n fi ń wo òru kì í rí ojú èèyàn, ooru ara ló ń rí. Èèyàn á dà bí èékánná kékeré tó ń tàn lórí ilẹ̀ ṣíṣú. Kò fi bàbá àgbà hàn yàtọ̀ sí géńdé, kò sì gbọ́ kéwú tí wọ́n ń ké. Ẹ fojú inú wo àsàlátù òru ní Òjé: ọ̀kadà tí wọ́n tò sílẹ̀, àwọn ọkùnrin tó pọ̀ lójú kan, àwọn ọmọdé tó ń sáré kiri, ẹnì kan tó gbé ọ̀pá màíkì lọ́wọ́. Ẹni tó mọ̀ wá á ní àsàlátù ni. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún kó tó wo ojú kámẹ́rà pé agbébọn wà ládùúgbò yìí, pé ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn, pé òru ni wọ́n ń kó jọ, kí ni yóò rí? Ọ̀kadà kan náà ni aráàlú ń gùn. Òru kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ìnáwó nítorí pé oòrùn ti lọ. Ohun tí ẹni tó wà lókè ń kà sí àmì ọ̀tá, ìgbé ayé ojoojúmọ́ ni fún ẹni tó wà nílẹ̀.

Àwọn kan máa ń ní kí wọ́n kàn túbọ̀ wò ó pẹ́ ni. Ní Kabul, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, drọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà tẹ̀ lé ọkọ̀ Toyota Corolla funfun kan fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni bọ́ǹbù ti pa sójà Amẹ́ríkà 13 àti ọ̀pọ̀ ará Afghanistan ní pápákọ̀ òfurufú ìlú náà. Wọ́n rí i tí wọ́n ń gbé nǹkan sínú ọkọ̀ náà, wọ́n pè é ní bọ́ǹbù. Kẹ́ẹ̀gì omi ni. Èèyàn mẹ́wàá kú, ọmọdé ni méje nínú wọn. Ọ̀gá àgbà ológun wọn kọ́kọ́ ní iṣẹ́ òdodo ni àwọn ṣe. Ó di ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án kí wọ́n tó gbà pé aláìṣẹ̀ ni gbogbo wọn, ẹnikẹ́ni kò sì jìyà rẹ̀. Wákàtí mẹ́jọ kò ṣe àǹfààní nítorí pé ọkàn wọn ti pinnu. Ẹni tó bá ti pe èèyàn lólè, bí ìyẹn bá rẹ́rìn-ín, á ní ẹ̀rín olè nìyẹn.

Ti Rann ní ìpínlẹ̀ Borno tún yàtọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 2017, bàálù ogun Nàìjíríà ju bọ́ǹbù sí ibùdó ogúnléndé níbẹ̀. Nǹkan bí 90 èèyàn ló kú gẹ́gẹ́ bí àjọ àwọn dókítà MSF ṣe sọ, òṣìṣẹ́ Red Cross wà nínú wọn. Ìgbìmọ̀ tí àwọn ọmọ ogun òfurufú gbé kalẹ̀ ní wọn kò fi ibẹ̀ hàn lórí máàpù iṣẹ́ wọn bí ibi tí wọ́n ti ń ṣèrànwọ́ fún aráàlú. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn sójà tiwa fúnra wọn wà ní Rann lọ́jọ́ náà, àwọn kan nínú wọn fara pa. Ìlú tí ìjọba mọ̀ pé ogúnléndé kún, tí sójà ìjọba ń ṣọ́, ni kò sí lórí máàpù ìjọba. Níbẹ̀ yẹn, ojú kò tan ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ́fíìsì méjì ni kò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Lórí ilẹ̀, lójúkojú

Àṣìṣe kò dúró de drọ́ọ̀nù. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013, àwọn DSS, ìyẹn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, àti sójà ya bo ilé kan tí wọn kò tíì kọ́ parí ní Àpò, l'Abuja, lóru. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá àti àwọn òṣìṣẹ́ ọwọ́ tí kò rówó ilé san ló ń sùn níbẹ̀. DSS ní Boko Haram ni wọ́n, pé ohun ìjà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ni àwọn wá wú, pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ yìnbọn sí. Àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, NHRC, gbọ́ ẹjọ́ náà, tọ̀tún tòsì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014 wọ́n ní kò sí ẹ̀rí kankan pé Boko Haram ni àwọn ọmọ náà, wọ́n sì ní kí ìjọba san mílíọ̀nù 10 náírà fún ẹbí àwọn mẹ́jọ tó kú, ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti mílíọ̀nù 5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn 11 tó fara pa. Mílíọ̀nù 135 náírà lápapọ̀. Nígbàkigbà tí mo bá gba Àkóbọ̀ kọjá, tí mo rí àwọn ọmọ bíríkìlà tó ń sá aṣọ sí ojú fèrèsé tí kò ní fèrèsé, Àpò ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Mo mọ̀ pé ará Ìbàdàn tó ń ka èyí ti ń rántí Sókà, ilé Sunday Igboho, ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2021, tí èèyàn méjì kú nígbà tí DSS wọlé lóru. N kò fi kún ọ̀rọ̀ yìí, ìdí rẹ̀ sì rọrùn. Ilé tí wọ́n ń wá ni wọ́n lọ. Ìjà tó wà níbẹ̀ ni bóyá ó tọ́ kí wọ́n lọ bẹ́ẹ̀ àti ta ló kọ́kọ́ yìnbọn. DSS ní ìbọn ni wọ́n fi pàdé àwọn, àwọn ará ilé ní irọ́ ni. Ìyẹn ọ̀tọ̀, ẹni tó ṣi ilé wọ̀ ọ̀tọ̀.

Ohun tí òfin sọ

Bàbá bàbá mi ṣe ọdẹ ní ọ̀nà Ìdó. Ohun tó fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ni pé koríko tó mì kì í ṣe ẹran. Ẹ dúró títí ẹ ó fi rí i, bí ẹ kò bá rí i, ẹ máa lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Òfin ogun gbogbo àgbáyé kò sọ ju èyí lọ. Àfikún tí wọ́n ṣe sí àdéhùn Geneva ní ọdún 1977 ní bí iyèméjì bá wà lórí ẹnì kan, aráàlú ni kí wọ́n kà á sí. Ó ní kí ẹni tó fẹ́ ju bọ́ǹbù sa gbogbo ipá rẹ̀ láti mọ̀ dájú, kó sì dáwọ́ dúró bí ó bá hàn sí i pé aráàlú ni. Ní ti irú kẹta tí mo mẹ́nu bà lókè, ó ní ẹ̀mí aláìṣẹ̀ tí yóò bá ọ̀tá lọ kò gbọ̀dọ̀ pọ̀ ju àǹfààní ogun tí wọ́n ń retí níbẹ̀. Ẹnì kan tó ti wọṣẹ́ ológun rí sọ fún mi pé ìwọ̀n yẹn ló nira jù láyé. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọn nǹkan gbọ́dọ̀ lè fi òṣùwọ̀n rẹ̀ hàn.

Òfin ogun nìyẹn. Ìbàdàn kò sí lójú ogun, nítorí náà òfin tó de agbófinró níbí tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abala 33 ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 fi ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí fún olúkúlùkù. Ó yọ̀ǹda agbára dé ìwọ̀n tó pọn dandan nìkan, bíi láti gbèjà ẹni tí wọ́n ń kọlù, láti mú ẹni tó yẹ ní mímú, tàbí láti pa rògbòdìyàn. Dandan yẹn ni ìdí ọ̀rọ̀. Ẹni tó jókòó, tó sùn, tó ń wẹ̀, kò sí dandan kankan lórí rẹ̀.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́

Níbi tí inú mi ti máa ń bàjẹ́ jù nìyí. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìròyìn ọjọ́ àkọ́kọ́ ní ọkùnrin náà wọ kóòtù tó nípọn, pé ó fo géètì wọlé. Kò wọ kóòtù bẹ́ẹ̀, kò fo géètì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, bọ́ǹbù bọ́ sí abúlé kan tó ń jẹ́ Buhari ní ìpínlẹ̀ Yobe. Àwọn ọmọ ogun òfurufú kọ́kọ́ sẹ́, kí wọ́n tó jẹ́wọ́ pé bàálù àwọn ni. Ní Tudun Biri, ó gba wákàtí púpọ̀ kí aráàlú tó mọ iléeṣẹ́ ológun tó ni drọ́ọ̀nù, torí àwọn ti òfurufú ní kì í ṣe tàwọn. Àwa náà kì í sì í dúró gbọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024 tí ohun kan bú gbàù ní Bódìjà, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ agbésùnmọ̀mí tó ṣe é. Gómìnà Mákindé jáde, ó ní ohun abúgbàù tí àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ kó pamọ́ sínú ilé ni. Ká ní ẹnì kan ti tọ́ka sí aládùúgbò rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ńkọ́?

Bí wọ́n bá ní àṣìṣe ni, ìbéèrè tó yẹ ká bi wọ́n kò le. Ta ló mú ìròyìn wá, ta ló tún un yẹ̀ wò? Wákàtí mélòó ló ti kọjá lórí rẹ̀ kí ẹ tó yìn ín? Ta ló pàṣẹ? Ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ní agbára láti sọ pé ẹ dúró? Níbo ni "bóyá" ti sọnù?

Bí ó bá kan ẹbí yín, tí Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó kàn wá, kí ẹ tó sin òkú, kódà bí ẹ̀sìn bá ní kí ẹ yára, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ẹ ya fọ́tò, ẹ má fọwọ́ kan kóro ọta ìbọn tó wà nílẹ̀. Ẹ kọ aago, nọ́ńbà ọkọ̀, àti nọ́ńbà fóònù àwọn tó rí i ṣojú wọn. Ẹ kọ̀wé sí NHRC, wọn kì í gba owó. Ẹni tí kò lè san owó lọ́yà, kó lọ sí Legal Aid Council. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀: òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba ní oṣù mẹ́ta péré ni èèyàn ní láti fi pè wọ́n lẹ́jọ́. Àwọn kan ti sọ̀rètí nù nítorí oṣù mẹ́ta yẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e lọ sílé ẹjọ́ gíga bí ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, lábẹ́ abala 46 ìwé òfin àti ìlànà ọdún 2009 tí wọ́n ṣe fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí gbèdéke ọjọ́. Ẹlòmíràn náà lè pe ẹjọ́ lórúkọ ẹni tó kú. Owó gbà-máà-bínú tí wọ́n bá san, gbèsè ni wọ́n san, kì í ṣe sàráà.

Ní oṣù tó kọjá mo padà lọ bá Málàmù. Mo sọ fún un pé, nínú Yorùbá, ẹni tó gé aṣọ kúrú ṣe àṣìṣe. Ẹni tó bá gé e láì wọ̀n ọ́n, ìwà àìbìkítà ni, òfin sì mọ ìyàtọ̀ wọn. Ó ní, "Àwọn tó ju bọ́ǹbù yẹn, ṣé wọ́n wọ̀n ọ́n?" Mo ní ìyẹn gan-an ni ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n dáhùn níwájú adájọ́, àti pé ní ọdún 2024 iléeṣẹ́ ológun ní àwọn máa gbé òṣìṣẹ́ méjì lọ sí ilé ẹjọ́ ológun lórí rẹ̀. Ó ní kí n kọ abala 46 yẹn sílẹ̀ fún òun. Kò sí ìwé nítòsí, mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó ní kí n fi ọdún kún un. Mo kọ 1999, mo kọ 2009. Ó pe àbúrò rẹ̀ kan ní Igabi lórí fóònù, ó sì kà á sí i létí ní Haúsá, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.